Kámẹ́rà Ọ̀gá, Fọ́tò Iwin

Mo ṣì tọ́jú fọ́tò náà sínú fóònù mi. Bí mo bá fi han èèyàn, wọn a ní kí nìyí, ṣé iwin ni? Nǹkan pupa kan ló nà gbọọrọ láti apá òsì, òkùnkùn bo ìdajì ohun tó kù, funfun roboto kan wá wà lókè tí ẹ lè pè ní òṣùpá bó bá wù yín. Aṣọ́lé ni nǹkan pupa yẹn. Bọ́ọ̀lù ni òṣùpá. Ọmọ ilé ìwé kan tí kò tíì ju ọdún mẹ́rìndínlógún lọ ló fò bí ẹyẹ, tó fi orí ìka ti pẹ́nárítì tó kẹ́yìn síta, tí ilé ìwé rẹ̀ fi gba ife. Èmi tí wọ́n sanwó fún pé kí n yà á, tí mo gbé kámẹ́rà ₦210,000 kọ́rùn, òṣùpá ni mo gbé délé.

Ọdún 2013 nìyẹn. Fọ́tò òde ni iṣẹ́ mi ní Ìbàdàn nígbà náà: ìgbéyàwó, ìkómọjáde, òkú àgbà, ọjọ́ ìbí pásítọ̀. Nídìí iṣẹ́ yẹn, ẹni tí ẹ fẹ́ yà á dúró dè yín. Ẹ ó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé àgbọ̀n yín sókè díẹ̀," Mọ́mì á gbé e. Bí wọ́n bá ṣẹ́jú, ẹ ó tún un yà. Bí ilẹ̀ bá ṣú, fíláàṣì ń bẹ lórí kámẹ́rà. Ọdún mẹ́fà ni mo ti fi ṣe é, orí mi sì ti wú débi pé mo gbà pé ohunkóhun tó bá ṣáà ti ní ojú, mo lè yà á.

Ikú Rashidi Yekini ló tì mí dé ìdí bọ́ọ̀lù. Ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún ọdún 2012 ló kú. Lọ́jọ́ mélòó kan sí i, mo dúró pẹ̀lú àwọn tó máa ń ka ìwé ìròyìn lọ́fẹ̀ẹ́ níwájú tábìlì fẹ́ńdọ̀ kan ní Mọ́kọ́lá, fọ́tò kan náà ló ń wò wá láti ojú ìwé bíi mélòó kan: Dallas, ọjọ́ 21 oṣù kẹfà 1994, Nàìjíríà àti Bulgaria. Ọkùnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà jẹ nínú Ife Àgbáyé sáwọ̀n ni, ó sáré tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù, ó ki apá rẹ̀ méjèèjì bọ ihò àwọ̀n, ó lanu, ó ń ké. Bàbá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nu ojú nù. Ó ní òun mọ̀ ọ́n nígbà tó ń gbá fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù IICC, pé bó bá ti ń ya bọ̀ báyìí, aṣọ́lé á ti máa gbàdúrà. Ohun tí èmi ń rò ní tèmi ni pé irú kámẹ́rà wo ni wọ́n fi ya èyí?

Ẹ wo ibi tí mo ti ṣìnà. Ibi tí ẹni tó yà á jókòó sí ló yẹ kí n béèrè. Ẹ̀yìn àwọ̀n ló wà, ó sì ti wà níbẹ̀ kí bọ́ọ̀lù tó débẹ̀. Ó gbà mí ní ọdún kan gbáko àti gbèsè kí n tó rí ìyẹn nínú fọ́tò náà.

Gbèsè yẹn, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àdúgbò wa ni mo ti yá a, ₦250,000, oṣù méjìdínlógún ni n ó fi san án. Ìyàwó mi tó ń ta èlò ọbẹ̀ bi mí pé, "Bàbá Ìbejì, ṣé kámẹ́rà lẹ fẹ́ rà àbí kẹ̀kẹ́ Márúwá?" Mo rẹ́rìn-ín. Mo wọkọ̀ lọ Èkó.

Ọmọkùnrin tó tà á fún mi mọ iṣẹ́ rẹ̀. Èmi ni mi ò mọ tèmi. Ó gbé Canon 5D Mark II tòkunbọ̀ kan kalẹ̀, ó ń fi aṣọ nù ún bí ẹni ń nu ara ọmọ tuntun. "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀gá pátápátá nìyí. Mẹ́gápíksẹ́lì 21! Ẹ lè tẹ̀ ẹ́ tó ògiri." Kò parọ́. Kámẹ́rà gidi ni, ọdún 2008 ló jáde, àwọn tó ń ya ìgbéyàwó sì ń du ú. Ṣùgbọ́n mi ò bi í pé mélòó ló lè yà léra léra láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Kò pé mẹ́rin. Canon 7D tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí àtẹ, tí owó rẹ̀ fi díẹ̀ ju ìdajì èyí lọ, mẹ́jọ ló ń yà. Láàárín ìgbà tí ọmọ bọ́ọ̀lù gbé ẹsẹ̀ sókè sí ìgbà tí bọ́ọ̀lù kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ibi tí ìyàtọ̀ náà wà nìyẹn. Àmọ́ mo ti gbọ́ lẹ́nu àwọn ẹgbẹ́ mi pé bí nọ́ńbà Canon bá ṣe kéré sí ni kámẹ́rà ṣe ga sí. Ohun tí mo gbọ́ nìyẹn, òun náà ni mo rà.

Bọ́dì ti gbé ₦210,000 lọ. Mo fi ₦25,000 ra lẹ́ǹsì 75-300, èyí tó kù wọ ọkọ̀ àti oúnjẹ. Lẹ́ǹsì náà gùn, mo sì rò pé ohun tó bá ti gùn ni ti bọ́ọ̀lù. Ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ibí yìí, nítorí ibẹ̀ ni owó mi sọnù sí.

Gbogbo lẹ́ǹsì ló ní ojú tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, wọ́n sì máa ń kọ bí ojú náà ṣe lè là tó sí i lára: f/2.8, f/4, f/5.6. Ó dorí kodò sí bí èèyàn ṣe ń rò ó, nọ́ńbà tó kéré ló ni ojú tó tóbi. Bí òjò bá ń rọ̀, tí ẹnìkan gbé ìgò síta, tí ẹlòmíràn gbé bàsíà, òjò kan náà ló rọ̀ sí àgbàlá wọn, àmọ́ ẹ mọ ẹni tí yóò rómi fọṣọ lálẹ́ ọjọ́ náà. Lẹ́ǹsì f/2.8 ń gba ìmọ́lẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́rin ohun tí f/5.6 ń gbà. Tèmi, bí mo bá ti nà án dé 300, f/5.6 lojú rẹ̀ là mọ. Ìgò ni mo gbé lọ síta.

Ẹni tó ń sáré kì í dúró de ayafọ́tò. Kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó lè dúró gbọin nínú fọ́tò, ojú kámẹ́rà gbọ́dọ̀ ṣí kó sì padé láàárín ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tí à ń kọ ní 1/1000. Bó bá burú burú, 1/500. Ìmọ́lẹ̀ tó lè ráyè wọlé láàárín ìgbà yẹn kò tó nǹkan. Lọ́sàn-án gangan, ìgò náà á kún, oòrùn Ìbàdàn kò láhun. Ta ló wá ń gbá àṣekágbá lọ́sàn-án gangan?

Aago mẹ́ta ààbọ̀ ni wọ́n kọ sínú ìwé ìpè. Oṣù kọkànlá ni, ilé ìwé girama méjì ló fẹ́ kò lójú ara wọn, iléeṣẹ́ tó ṣe onígbọ̀wọ́ ló gbà mí. Fọ́tò náà ni wọ́n fẹ́ fi ṣe kàlẹ́ńdà. Wọ́n fún mi ní ₦30,000 sílẹ̀ lára ₦60,000. Àlejò pàtàkì kò tètè dé, ẹ ṣáà mọ̀ wá. Ẹgbẹ́ akọrin kọrin, àwọn ọmọdé jó, alága sọ̀rọ̀ títí ọ̀rọ̀ fi tán, ó tún sọ sí i. Aago márùn-ún ti lù kí rẹfirí tó fọn fèrè. Ní gbogbo àsìkò yẹn, àlejò pàtàkì ni mò ń yà. Mi ò wojú sánmà.

Ìdajì àkọ́kọ́ dùn. Ẹ̀gbẹ́ ìlà àárín pápá ni mo dúró sí, níbi tí mo ti ń rí gbogbo nǹkan, tí gbogbo nǹkan sì jìnnà sí mi. Bàbá kan wà lápá ọ̀tún lẹ́yìn àwọ̀n, á ti lé ní ọgọ́ta ọdún, fìlà abetí ajá lórí. Garawa ọ̀dà tó dojú rẹ̀ délẹ̀ ló jókòó lé. Rọ́bà ara kámẹ́rà rẹ̀ ti ń ṣí, ó gbé e lé orí ọ̀pá ẹlẹ́sẹ̀ kan, báàgì kékeré kan wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Láti ìgbà tí bọ́ọ̀lù ti bẹ̀rẹ̀, kò dìde. Mo káàánú rẹ̀. Mo ní bóyá orúnkún ló ń yọ Bàbá lẹ́nu.

Nínú ìdajì kejì ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ISO sókè. ISO ni à ń gbé sókè bí a bá fẹ́ kí kámẹ́rà fi ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tó rí ṣe bí ẹni tó rí púpọ̀, bí ẹ bá sì ṣe ń gbé e sókè ni fọ́tò á máa rí bí ẹni da iyanrìn sí i. Mo gbé e sí 800, mo gbé e sí 1600, mo gbé e sí 3200. Bọ́ọ̀lù ọ̀kan-ọ̀kan ni wọ́n gbá tán, aago mẹ́fà ti kọjá ní ogún ìṣẹ́jú, oòrùn ń wọ̀ lẹ́yìn òrùlé kíláàsì, rẹfirí ní ó di pẹ́nárítì. Nígbà tí wọ́n fi tò tán, tí wọ́n fi jiyàn ẹni tí yóò kọ́kọ́ gbá a, ìmọ́lẹ̀ àṣálẹ́ ti ń kúrò lójú ọ̀run. Mo gbé ISO dé 6400, lẹ́ǹsì lanu débi tó lè lanu dé, síbẹ̀ 1/50 ni kámẹ́rà ń fún mi. Láàárín 1/50 yẹn, ọmọ tó ń fò á ti kúrò níbi tó wà tó ìbú àtẹ́lẹwọ́, bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá gbọn-ín á ti rìn tó ìgbọ̀nwọ́ kan. Ohun tó sì ń rìn nígbà tí ojú kámẹ́rà ṣí sílẹ̀, ìrìn rẹ̀ ni fọ́tò ń yà, kì í ya òun fúnra rẹ̀.

Ẹ̀mí òde bá gbé mi wọ̀. Mo fa fíláàṣì yọ.

Bí ẹ bá gbé fíláàṣì sún mọ́ ìyàwó ojú ọ̀nà ní mítà mẹ́ta, ojú rẹ̀ á dán. Ẹ lọ sí mítà mẹ́fà, ìdá kan nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ yẹn ló máa bá a. Ibi tí mo wà sí aṣọ́lé lé ní ogójì mítà. Pẹ̀ẹ́! Ilẹ̀ iwájú mi funfun bí ẹfun, ẹ̀yìn láínsìmáànù tàn bí iwin nínú sinimá, aṣọ́lé kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹnìkan tan nǹkan. Ọmọ tó ń sáré bọ̀ wá gbá bọ́ọ̀lù ló mọ̀. Ó yíjú, ó gbá a lu igi. Hàà! Apá kan pápá dìde sí mi. "Wọ́n rán an ni!" "Èló ni wọ́n fún ẹ?" Láínsìmáànù pàápàá yí sẹ́yìn: "Ìwọ Fọ́tò, ṣé o fẹ́ fọ́ mi lójú ni?" Ọlọ́pàá kan wá dúró tì mí, ó ní kí n kó nǹkan yẹn sí báàgì kí àwọn ọmọ yìí má baà bá mi ṣe é. Ọwọ́ mi ṣì ń gbọ̀n nígbà tí pẹ́nárítì tó kẹ́yìn dé. Ìyẹn ni òṣùpá.

Lọ́jọ́ Ajé, mo gbé káàdì dé ọ́fíìsì onígbọ̀wọ́. Ọ̀gá tó gbà mí kò bínú, ìyẹn ló dùn mí jù. Ó ṣáà yí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí mi. Fọ́tò bàbá onígarawa ló wà níbẹ̀. Aṣọ́lé náà nà gbalaja sí afẹ́fẹ́, ojú rẹ̀ kọjú sí wa, ó fi eyín di ahọ́n mú bí ọmọdé tó ń kọ̀wé. Ìka méjì ló kan bọ́ọ̀lù. Ẹ ń rí i pé èékánná ìka àárín ti ya, nítorí kò ní ìbọ̀wọ́ aṣọ́lé, ìbọ̀wọ́ ọlọ́kadà kan tó ti gé lórí ìka ló wọ̀. Ẹ ń rí ibi tí awọ bọ́ọ̀lù ti tẹ̀ wọnú díẹ̀ lábẹ́ ìka náà. Pápá kan náà ni, ìrọ̀lẹ́ kan náà, ìṣẹ́jú kan náà. Mo dá ₦30,000 padà. Mo tún san owó ọkọ̀ wálé.

Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó wá bàbá náà lọ. Wọ́n ní bí ẹgbẹ́ 3SC bá ń gbá bọ́ọ̀lù ní pápá Adamásìngbà, ẹ̀yìn àwọ̀n ni kí n ti wò ó. Garawa ni mo kọ́kọ́ rí. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Áà, Fọ́tò Fíláàṣì!" Orúkọ tó ti sọ mí nìyẹn, ó sì ń pè mí bẹ́ẹ̀ dòní. "Kí lo bá wá?"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, kámẹ́rà wo lẹ fi ya ọmọ yẹn?"

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Canon 7D ni, èyí tí mo fojú di lórí àtẹ. Ó wá fa lẹ́ǹsì kékeré kan yọ nínú báàgì, kò ju ago tíì lọ, 85mm, f/1.8. Ó ní nígbà tí eré ń lọ, 70-200 f/2.8 ni òun ń lò, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, èyí ló kù. Mo ṣe ìṣirò rẹ̀ nílé: f/1.8 ń gba ìmọ́lẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́wàá ti f/5.6. Pẹ̀lú ISO 3200, ìdajì tèmi, òun rí 1/250 níbi tí èmi ti ń bá 1/50 jìjàkadì. ₦45,000 ni wọ́n ń ta irú lẹ́ǹsì bẹ́ẹ̀ ní tòkunbọ̀ nígbà yẹn. Kò gùn, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bó bá ti di pẹ́nárítì, gbogbo ayé ló mọ ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ, kí lẹ tún fẹ́ fi lẹ́ǹsì gígùn ṣe? Ẹ sún mọ́ ọn, ẹ jókòó.

"Ìwọ ra kámẹ́rà," ó ní, "o wá fi ṣéńjì ra lẹ́ǹsì."

Ó wo bọ́dì mi tó ń dán, ó wo tirẹ̀ tó ti bó. Kò pa òwe aṣọ ọmọdé àti àkísà àgbà fún mi. Ó ti rí i lójú mi pé mo ti ń pa á fún ara mi.

Lẹ́yìn eré, ó so kámẹ́rà mi mọ́ kọ̀ǹpútà ọmọ rẹ̀, ó wo iye ìgbà tí ṣọ́tà rẹ̀ ti ṣí tó ti padé. Ìlẹ̀kùn kékeré inú kámẹ́rà ni ṣọ́tà, ó ní iye tí wọ́n ṣe é fún bí táyà. Èyí tí wọ́n kọ fún 5D Mark II ni 150,000. Tèmi ti wà ní 163,000. Mo ní ọmọkùnrin yẹn rẹ́ mi jẹ. Bàbá ní ṣé mo bi í? Mi ò bi í. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, níbi ìgbéyàwó kan, tọkọtaya gbé ọ̀bẹ lé kéèkì, wọ́n rẹ́rìn-ín sí mi, mo tẹ̀ ẹ́, ó dún kà, ojú kámẹ́rà dúdú, ó kọ Err 20. Fóònù ni mo fi parí òde yẹn. N ò ní sọ ohun tí ìyá ìyàwó sọ.

Mo rò pé Bàbá á wá sọ ohun tí mo máa rà fún mi. Ó ní kí n wá wo bọ́ọ̀lù mẹ́ta láìgbé kámẹ́rà dání. Ó fún mi ní garawa tèmi. Iṣẹ́ mi ni pé bí mo bá rí ohun tí ǹ bá yà, kí n sọ pé, "Báyìí!"

Ẹ dán an wò kí ẹ tó rẹ́rìn-ín. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní ìyẹ́ òsì gbé bọ́ọ̀lù bọ̀, ó gé wọlé, ó gbá a. "Báyìí!" Bọ́ọ̀lù ti wà lọ́wọ́ aṣọ́lé. Kọ́nà wọlé, wọ́n fò sókè, wọ́n forí gbá a. "Báyìí!" Wọ́n ti délẹ̀, ọ̀kan ti ń di okùn bàtà. Ní gbogbo ìdajì àkọ́kọ́, n kò bá ẹyọ kan. Bàbá kò wò mí, ó ṣáà ń jẹ ẹ̀pà. Ó ní, "Ohun tí o ti rí, ó ti lọ." Ó ní kí n fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, kí n wo ẹsẹ̀ kejì, èyí tí ọmọ náà fẹ́ gún mọ́lẹ̀ kó lè fi èkejì gbá a. Kí n wo orúnkún aṣọ́lé, ibi tó bá ti tẹ̀ sí ló ń lọ. Ọmọ ìyẹ́ òsì yẹn, gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ gé wọlé, á kọ́kọ́ wo rẹfirí, Ọlọ́run ló mọ ìdí rẹ̀. Nígbà tí bọ́ọ̀lù kẹta fi máa parí, mo ti ń bá bíi mẹ́ta nínú mẹ́wàá. Bàbá ní ó tó, pé àwọn tó ń jẹun nídìí rẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Lórí garawa yẹn náà ló ti sọ ìtàn Muhammad Ali àti Sonny Liston fún mi, ìjà ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún 1965 ní Lewiston, ìpínlẹ̀ Maine, l'Ámẹ́ríkà. Ọmọ ọdún 22 ni Neil Leifer, òun àti Herb Scharfman tó jẹ́ àgbà fún un jọ ń yà fún ìwé ìròyìn Sports Illustrated. Ìjà kò tíì pé ìṣẹ́jú mẹ́ta tí Liston fi ṣubú. Ali dúró lé e lórí, ó ká apá, ó ń pariwo pé kó dìde. Apá ibi tí Leifer jókòó sí ni Ali kọjú sí. Kámẹ́rà Rolleiflex ló wà lọ́wọ́ Leifer, àwọn iná tí wọ́n gbé kọ́ òkè ríìngì sì ní láti sinmi kí wọ́n tó tún lè tàn, nítorí náà ẹyọ kan ló ní láti yà, ó sì yà á. Scharfman ńkọ́? Bí ẹ bá wo fọ́tò náà dáadáa, ẹ ó rí i láàárín ẹsẹ̀ Ali lódìkejì, ó gbé kámẹ́rà dání, ẹ̀yìn Ali ló ń wò.

Mo ní, "Bàbá, fíláàṣì ni wọ́n lò kẹ̀!"

Ó ní, "Òkè ríìngì ni wọ́n gbé tiwọn kọ́. Ojú láínsìmáànù ni ìwọ gbé tìẹ kọ́."

Àyè wà nínú ìtàn yẹn fún oríire o. Kò sẹ́ni tó mọ apá ibi tí Liston máa ṣubú sí. Leifer fúnra rẹ̀ kò fi ọgbọ́n yẹn yangàn. Àmọ́ Yekini ní tirẹ̀, góòlù ló máa ń wá, inú àwọ̀n ló sì máa ń bá a lọ. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á ti wà lẹ́yìn àwọ̀n.

Mo pààrọ̀ ṣọ́tà 5D yẹn ní ₦35,000. Mo tà á ní ₦130,000 fún ọmọkùnrin kan tó ń ya ìgbéyàwó, mo sọ gbogbo ìtàn rẹ̀ fún un kó tó kówó sílẹ̀, ó sì ń lò ó dáadáa nítorí ohun tí wọ́n ṣe é fún ló ń fi í ṣe. Mo ra 7D tòkunbọ̀ ₦105,000. Mo béèrè iye ṣọ́tà, wọ́n so ó mọ́ kọ̀ǹpútà lójú mi, 22,000. Mo ra 85 kékeré yẹn. Owó kò pé, ìyàwó mi fi ₦20,000 kún un láìbéèrè ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ Márúwá mọ́. Lẹ́ǹsì ńlá ńkọ́? Mi ò rà á. Ọwọ́ Bàbá ni mo ti ń yá 70-200 rẹ̀ ní ₦3,000 bí iṣẹ́ bá wà. Ibi tí àwòrán ń bọ́ sí nínú 7D kéré sí ti 5D, nítorí náà 200 lórí rẹ̀ ń fa nǹkan mọ́ra bíi 320, ó tó mi láti ẹ̀yìn àwọ̀n dé àárín pápá. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi yá a kí n tó mọ̀ dájú pé owó tó ń wọlé lè ra tèmi. Àwọn kan ń ra 400mm f/2.8 tó wúwo bí ọmọ tuntun tó sanra kí wọ́n tó mọ orúkọ ẹni kan ní pápá. Mo mọ ọ̀kan, fèrèsé yàrá rẹ̀ ló ń fi í wò.

Lóru ọjọ́ kan ní 2022, Bàbá pè mí. Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, ṣẹ̀ṣẹ̀ gba àmì ẹ̀yẹ wúrà eré fífo igi 100 mítà ní Eugene, l'Ámẹ́ríkà, mo rò pé ìdùnnú ló fi pè mí. Rárá. "Ìgbà wo ló sá 12.12 tó di àkọsílẹ̀ ayé?" Mo ní kó tó di àṣekágbá, nínú ìdíje tó ṣáájú rẹ̀. Ní àṣekágbá ó sá 12.06, afẹ́fẹ́ pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, wọn kò kà á. "Ẹni tó bá lọ jẹun, tó ní àṣekágbá lòun ń dúró dè ńkọ́?" Ó já fóònù.

Fọ́tò àkọ́kọ́ tí mo yà tó dára ni mo fẹ́ sọ kí n tó dákẹ́. Bọ́ọ̀lù àdúgbò ni, ilẹ̀ pupa, kò sí koríko. Mo ti débẹ̀ ní aago méjì, mo ti wo ibi tí oòrùn máa wọ̀ sí, mo ti bi wọ́n léèrè aṣọ́lé wo ni kì í dúró sójú kan. Orí garawa ni mo wà. Ọmọ ìyẹ́ kan ń bọ̀, mi ò wo bọ́ọ̀lù, mo wo orúnkún aṣọ́lé. Ó tẹ̀ sí ọ̀tún. Mo tẹ̀ ẹ́ kó tó kúrò nílẹ̀. 1/1000, f/2.8. Nígbà tí mo wò ó lẹ́yìn kámẹ́rà, eruku pupa ń fò lára ṣòkòtò ọmọ náà bí ẹni da gààrí sókè, ojú rẹ̀ là kedere, bọ́ọ̀lù wà níwájú imú rẹ̀, ẹ lè ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára.

Mo tẹ̀ ẹ́ jáde ní Dùgbẹ̀, mo fi bébà aláwọ̀ ilẹ̀ wé e, mo gbé e lọ bá Bàbá nílé. Ó wọ awò ojú rẹ̀. Ó gbé fọ́tò náà sún mọ́ fèrèsé, ó gbé e jìnnà, ó tún gbé e sún mọ́ ọn. Ìyàwó rẹ̀ gbé omi wá, ó gbé omi lọ. Mo ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Ó dáa," ó ní. Ó fi àtàǹpàkò gbá etí ìsàlẹ̀ bébà náà. "Ẹsẹ̀ rẹ̀ dà?"